Ìjókòó Ẹ̀yìn Tí Eku Fi Ṣe Ilé

Kò sí ohun tí ó ń bí mi nínú tó kí ènìyàn da lọ́fínńdà sórí ẹ̀gbin kí ó sì pe ibẹ̀ ní mímọ́. Ní ìgbà tiwa, omi ni a kọ́kọ́ máa ń pọn. Lónìí, agolo tí ń fọ́n òórùn dídùn ni ọwọ́ ń sáré lọ bá, bí ẹni pé imú nìkan ni Ẹlẹ́dàá fún ènìyàn, tí kò fún un ní ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí náà, ohun tí ojú mi rí nínú àgbàlá obìnrin tí ilé rẹ̀ bá tèmi pààlà, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Abẹ́rẹ́, n kò ní fi ẹ̀rọ̀ sọ ọ́.

Ìjókòó ọkọ̀ ni Màmá Abẹ́rẹ́ ń rán. Bí ènìyàn bá ṣèèṣì pè é ní télọ̀, yóò bi onítọ̀hún bóyá ó ti rí ṣòkòtò tí ènìyàn mẹ́ta jọ ń wọ̀ pọ̀ rí. Abẹ́rẹ́ ńlá kan tí ó tẹ̀ bí òṣùpá tuntun kì í kúrò ní ọrùn ẹ̀wù rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú orúkọ náà, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti bá a ṣòwò mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ náà ń gún ni. Bí ó bá rán ìjókòó fún ọ, ìwọ yóò ta ọkọ̀ náà kí okùn tó já. Mo ti jókòó sórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, mo sì ti jókòó sórí ti àwọn tí ń fi gọ́ọ̀mù lẹ awọ mọ́ pákó lóde òní. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa ti àwọn yẹn.

Ọkọ rẹ̀, tí ó ti di olóògbé, pánẹ́bítà ni, òun náà ni ó sì ń kun ọkọ̀ ní ọ̀dà. Ìjà ni ó pa wọ́n pọ̀: ọkùnrin náà ń fọ́n ọ̀dà sára ọkọ̀ kan, ọ̀dà ta sórí ìjókòó tí obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán, obìnrin náà sì bá a wí títí gbogbo ọgbà mẹkáníìkì fi dákẹ́. Ọkùnrin náà wá bẹ̀bẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ó tún wá ní ọjọ́ kẹta nígbà tí ẹ̀bẹ̀ ti tán. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, wọ́n rí ọkọ̀ àtijọ́ kan rà, èyí tí ojò ti ń pa tí kò sí ẹni tí ó fẹ́ ẹ mọ́. Bí wọ́n bá ti parí iṣẹ́ oníṣẹ́, tiwọn ni wọ́n ń ṣe. Ọkọ ń na irin, ó ń yọ ìpẹtà. Aya ń tún inú rẹ̀ ṣe. Irun ẹṣin ni àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà fi kún ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀, kì í ṣe fóòmù tí ń rì bí búrẹ́dì tí a rẹ sínú tíì. Màmá Abẹ́rẹ́ tú irun náà jáde, ó fọ̀ ọ́, ó sá a sóòrùn, ó fi ọwọ́ ya á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó tún dá a padà sórí sípíríńgì, ó wá fi awọ pupa bò ó. Ìjókòó náà ń gba ènìyàn mọ́ra bí àyà ìyá àgbà.

Sórí ìjókòó yẹn ni wọ́n gbé ọmọ wọn kan ṣoṣo sí nígbà tí wọ́n ń gbé e bọ̀ láti ilé ìwòsàn. Oṣù ọmọbìnrin náà kò pé nígbà tí wọ́n bí i, kò ju ọwọ́ méjì lọ, bàbá rẹ̀ sì wa ọkọ̀ náà délé bí ẹni tí ó ru ẹyin. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn ti di ọ̀rọ̀ ẹbí. Nígbà tí bàbá kú, ìyá kò tà á. Ó ń nù ún, ó ń tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lóòrèkóòrè, ó sì tì í mọ́ ilé ọkọ̀ kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀.

Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, ọmọbìnrin náà lóyún. Àwọn dókítà ní kí ó máa dùbúlẹ̀ títí tí yóò fi bí, nítorí pé oyún náà kò dúró dáadáa. Orí omi ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, nínú ọkọ̀ ojú omi tí ń kó ẹrù láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Màmá Abẹ́rẹ́ wá di ẹrù rẹ̀, ó ti ilé pa, ó lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ. Ta ni yóò máa ṣí ilé ọkọ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọ ibẹ̀? Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni ó fún ní kọ́kọ́rọ́.

Ọkùnrin yìí, Ó-ti-parí ni a ń pè é. Oúnjẹ adìẹ ni ó ń tà. N kò tíì rí ohun kan tí ó parí láyé rẹ̀. Ó kun iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé ìdajì, ó sọ àkàbà kalẹ̀, ó ní ó ti parí. Ó kan ilẹ̀kùn mọ́ ògiri láìfi ìdè kejì sí i, ó ní ó ti parí. Bí ènìyàn bá bá a jiyàn, yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì gbé ọwọ́ lé onítọ̀hún léjìká, ìbínú yóò sì di ohun ìtìjú lọ́wọ́ ẹni tí ó ń bínú. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Bóyá ìyẹn gan-an ni ó burú níbẹ̀.

Òrùlé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń jò. Dípò kí ó tún un ṣe, ó kó àpò oúnjẹ adìẹ lọ sí ilé ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ti kú. Nígbà tí ilẹ̀ ibẹ̀ kún, ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó sì to àpò tí ó kù sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Àgbàdo lílọ̀ àti ẹja gbígbẹ, lórí awọ pupa. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri yìí kò la ẹnu fúnra rẹ̀ o. Ẹnìkan ni ó là á lẹ́nu, tí ó sì tún fi oúnjẹ sí i. Nígbà tí eku pọ̀ tí wọ́n ń já àpò, ó kó àpò kúrò, ó ju oògùn eku sábẹ́ ìjókòó, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọmọbìnrin náà bímọ. Oṣù ọmọ yìí náà kò pé. Wọ́n fi í sínú àpótí onígíláàsì, ó pẹ́ níbẹ̀, ìyá àti ìyá àgbà ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Nígbà tí ó tó àkókò láti dá wọn sílẹ̀, nọ́ọ̀sì àgbà pè wọ́n jókòó, ó ní àyà ọmọ yìí kò tíì le: kò gbọdọ̀ rí èéfín, kò gbọdọ̀ rí eruku, kò sì gbọdọ̀ gbọ́ òórùn lọ́fínńdà. Ọmọbìnrin náà yíjú sí ìyá rẹ̀.

“Màmá, ọkọ̀ bàbá mi ló máa gbé e délé, àbí?”

“Ọkọ̀ bàbá rẹ ni,” ni Màmá Abẹ́rẹ́ dáhùn.

Ìlérí tí ó ṣe nìyẹn. Nítorí rẹ̀ ni ó fi padà wálé ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ìdásílẹ̀ wọn, pé kí òun nu ọkọ̀ náà kí òun sì gbé e yípo àdúgbò díẹ̀. Èmi ni mo bá a fa ilẹ̀kùn ilé ọkọ̀, nítorí pé ó ti ń di.

Òórùn ni ó kọ́kọ́ jáde pàdé wa: ìtọ̀ tí ó ti pẹ́ nínú aṣọ, àti ẹran kíkú. Lẹ́yìn náà ni ojú wá rí i. Eku ti já ojú rírán ìjókòó ẹ̀yìn, wọ́n fa irun ẹṣin jáde títí ó fi so rọ̀ bí irùngbọ̀n arúgbó. Wọ́n ti gé aṣọ àjà inú ọkọ̀. Ìgbẹ́ wọn wà lórí kápẹ́ẹ̀tì bí ìrẹsì tí ó jóná.  Màmá Abẹ́rẹ́ fi ọwọ́ kan mí ní apá pé kí n má wọlé, ó sì ṣí ilẹ̀kùn náà gbayawu kí afẹ́fẹ́ lè gbá ibẹ̀.

A ṣì dúró síbẹ̀ nígbà tí Ó-ti-parí dé. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀ ni ó kó ohun ìjà sí: ìgbálẹ̀ ọlọ́wọ́ gígùn, agolo lọ́fínńdà méjì, àti ẹ̀rọ tí àwọn tí ń lẹ táyà fi ń fẹ́ atẹ́gùn, èyí tí ó yá.

“Ìyàwó wa, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ̀yin bàbá náà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ọkàn yín dàrú rárá. Kí ẹ tó mu omi tán, ó ti parí.”

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé pé Màmá Abẹ́rẹ́ dàgbà jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó bá a nínú ilé nígbà tí ó wọlé ọkọ, nítorí náà “ọkọ mi” ni ó ń pè é, kò sì pè é ní ohun mìíràn rí, àní ní ọjọ́ tí ohun mìíràn tọ́ sí i.

“Ọkọ mi, kí lẹ fẹ́ fi ìgbálẹ̀ yẹn ṣe?”

“Kí là ń fi ìgbálẹ̀ ṣe? Màá gbá a, màá fi atẹ́gùn fẹ́ kọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ rẹ̀, màá wá fín in. Eku ni, kì í ṣe ẹkùn.”

“Tí ẹ bá gbá a, tí ẹ fẹ́ ẹ, níbo ni eruku ẹ̀ ń lọ?”

“Síta ni.”

“Ta ló wà níta?”

Ó wò yíká. Òun ni, obìnrin náà ni, èmi sì ni.

“Àwa náà ni,” ó wí.

“Ẹ ṣé.”

Màmá Abẹ́rẹ́ wá ṣàlàyé fún un bí ẹni tí ń bá ọmọ ilé ìwé sọ̀rọ̀. Ó ní ìtọ̀ eku àti ìgbẹ́ rẹ̀ tí ó ti gbẹ a máa di lẹ́búlẹ́bú. Bí ìgbálẹ̀ bá kàn án, yóò gbéra, ojú kò ní rí i, imú yóò sì fà á wọlé. Ó ní ibà ń bẹ nínú rẹ̀, àìsàn àyà ń bẹ nínú rẹ̀, èyí tí ó lè dá géńdé ọkùnrin dùbúlẹ̀. Ó ní ọmọ tí àyà rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ojú ọ̀rá ni yóò jókòó síbẹ̀.

“Ìyàwó wa, ẹ ti ń bá nọ́ọ̀sì gbé pẹ́ jù,” ni Ó-ti-parí wí, ó ń rẹ́rìn-ín. “Àwa àti eku la jọ dàgbà nínú ilé yìí. Ta ló kú nínú wa?”

“Ẹni tó kú kọ́ ni yóò wá dá yín lóhùn.”

“Ẹ wò ó, ìgbálẹ̀ lásán ni o.”

“Mo ti gbọ́. Ẹ gbé e wá.”

Ó gba ìgbálẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì nà án sí mi, ó ní kí n gbé e lọ sí ẹ̀yìn ògiri tí ó wà láàárín ilé wa, kí n bá òun fi í pamọ́. Inú mi dùn láti fi í pamọ́. Ó béèrè lọ́wọ́ àbúrò ọkọ rẹ̀ ìdí tí ó fi gbé oúnjẹ adìẹ sórí ìjókòó. Ọkùnrin náà ní ibẹ̀ ni ó gbẹ jù. N kò tíì gbọ́ èsì tí ó jẹ́ òtítọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó sì burú tó bẹ́ẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwa méjì ti ọkọ̀ náà jáde sí àgbàlá, a ṣí gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ àti búùtù, a sì kúrò nídìí rẹ̀ títí oòrùn fi mú. Màmá Abẹ́rẹ́ tú okùn bátìrì kí iná má baà sí nínú rẹ̀. Ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí ó dé ìgúnpá, ó fi ìbòmú tí ó nípọn, irú èyí tí àwọn afọ́n-ọ̀dà ń lò, bo imú àti ẹnu, ó sì wé orí. Ó po omi bílíìṣì fún ibi tí ó jẹ́ irin àti rọ́bà. Ó po omi ọṣẹ àti oògùn apakòkòrò mìíràn tí kò le fún ibi tí ó jẹ́ awọ, nítorí pé bílíìṣì yóò bó awọ bí ẹni bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò da méjèèjì pọ̀. Ó ní ẹni tí ó bá da wọ́n pọ̀ yóò sùn síbẹ̀.

Kò gbá ohunkóhun. Ó rọra wọ́n omi náà sórí ìgbẹ́ eku, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò fọ́n ọn kíkankíkan kí ó má baà ta sókè, ó jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ rin dáadáa, ó lọ jẹun, ó padà dé, ó wá fi bébà ìnuwọ́ kó wọn ní díẹ̀díẹ̀. Bébà lọ sínú ọ̀rá, ọ̀rá lọ sínú ọ̀rá kejì, ó dì í, ó kó o síta. Eku mẹ́ta tí oògùn pa ni ó yọ jáde lábẹ́ ìjókòó iwájú, àti oògùn tí ó kù lábẹ́ ti ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe wọ́n. Ó tú kápẹ́ẹ̀tì, ó fọ̀ ọ́, ó sá a. Ó ya aṣọ àjà jáde lódindi nígbà tí ó ti rin. Bí ó bá ń bọ́ ìbọ̀wọ́, yóò kọ́kọ́ fọ ọwọ́ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ náà, lẹ́yìn náà ni yóò bọ́ ọ, yóò sì tún fọ ọwọ́ lásán.

Ó-ti-parí ń kọjá, ó ń bọ̀, ó ń wò ó.

“Ìyàwó wa, ṣé òkú lẹ ń wẹ̀ ni?”

“Mo ń wẹ̀ ẹ́ kí ẹnì kankan má baà kú.”

“Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù tó bà lé ẹpọ̀n, ṣùgbọ́n eléyìí ti pọ̀ jù.”

“Ẹ̀yin ni àmúkùrù náà, ọkọ mi, ẹ má fi òwe bú ara yín.”

Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo ní láti wọlé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò sí níbẹ̀ nígbà tí ó kan ìjókòó ẹ̀yìn. Ó gbé e jáde sórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó fi ọ̀bẹ kékeré tú ojú rírán tí òun fúnra rẹ̀ rán, ó ká awọ sẹ́yìn. Gbogbo inú irun ẹṣin náà ti di ilé. Yàrá wà níbẹ̀, ọ̀nà wà níbẹ̀, ibi ìdáná ni kò sí. Irun tí ó fi ọwọ́ ya ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan nígbà èwe rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú ìtọ̀. Ó dúró lé e lórí. Mo sọ fún un láti orí ògiri pé bóyá a lè fọ̀ ọ́ bí ó ṣe fọ̀ ọ́ nígbà kìíní.

“Ìgbà kìíní, eruku ojú ọ̀nà ni mo fọ̀ níbẹ̀,” ó wí. “Èyí ti wọ inú rẹ̀. Ohun tó bá ti mu ìtọ̀ mu ìgbẹ́ tó báyìí, ẹ ò lè sọ fún mi pé ó ti tán nínú ẹ̀.”

“Àánú ẹ̀ ṣe mí.”

“Ó ṣe èmi náà.”

Ó wọ́n omi sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó o sínú ọ̀rá. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ohun tí àìbìkítà ń jẹ, àwọn ènìyàn a máa rò pé àsọdùn ni. Èmi rí i tí ó ń kó gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú, nítorí pé òrùlé ṣọ́ọ̀bù ń jò tí ẹnìkan kò sì fẹ́ gun àkàbà. Awọ pupa náà nìkan ni ó yè é. Ó nù ún lẹ́yìn lójú, ó fi òróró awọ pa á, ó ra fóòmù líle, ó gé e, ó fi ọ̀gbọ̀ bò ó, ó sì tún ìjókòó náà rán. Kò rí bíi ti àtijọ́. Ó mọ́ ṣá.

Ohun kan ṣoṣo ni ó kù. Nínú ihò tí afẹ́fẹ́ fáànù ń gbà jáde lábẹ́ gíláàsì iwájú, ó rí fọ́nrán irun ẹṣin kan tí ó yọ orí síta. Ó mọ ohun tí ó túmọ̀ sí: wọ́n ti kọ́ ilé kejì sínú àpótí fáànù. Ó ránṣẹ́ sí oníwáyà, ẹni tí ń tún iná ọkọ̀ ṣe, pé kí ó wá bá òun tú àpótí náà jáde ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ìdásílẹ̀ ọmọ. Ó pe Ó-ti-parí, ó sì fi ìka hàn án.

“Ọkọ mi, ẹ wo bọ́tìnnì yìí. Fáànù ni. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ilé eku wà nínú ẹ̀. Títí oníwáyà á fi tú u, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tàn án.”

“Mo ti gbọ́, ìyàwó wa.”

“Kí ni mo sọ?”

“Ẹ ní kí n má tàn án.”

Ní ọjọ́ náà, oníwáyà ránṣẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ni òun yóò lè dé. Màmá Abẹ́rẹ́ gbé oúnjẹ lọ fún ọmọ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Mo wà lójú fèrèsé mi, mo ń ka ìwé, nígbà tí Ó-ti-parí wọ àgbàlá. Ó fi ọwọ́ kan kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti dá padà sínú ọkọ̀, ó mi orí. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó de okùn bátìrì, ó jókòó sídìí sítíárìn. Mo pè é. Ó juwọ́ sí mi bí ẹni tí ó rí ọ̀rẹ́ lọ́nà àrìnàjò, ó sì tan fáànù náà dé òpin.

Eruku tú jáde láti inú ihò méjèèjì, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó kún inú ọkọ̀ bámúbámú. Irun ẹṣin gígé, bébà jíjá, ìgbẹ́ gbígbẹ, ó bà lé awọ pupa tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán, ó bà lé kápẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin náà sáré jáde, ó ń húkọ́, ó ń nu ojú. Ìbínú tí ó bí mi ní ọjọ́ náà kò tíì kúrò lára mi pátápátá, mo sì ti gbìyànjú.

Kò pẹ́ tí Màmá Abẹ́rẹ́ fi dé. Ó dúró níwájú ilẹ̀kùn ọkọ̀ tòun ti abọ́ òfìfo lọ́wọ́.

“Kápẹ́ẹ̀tì yẹn ṣì tutù, ìyàwó wa,” ni Ó-ti-parí wí. “Mo ní kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Mo ti gbàgbé pé fáànù náà lẹ sọ.”

“Ẹ gbàgbé.”

“Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n fi aṣọ nù ún, kí n fín lọ́fínńdà díẹ̀ sí i. Ta ló máa mọ̀?”

“Àyà ọmọ á mọ̀.”

“Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀. Gbogbo ẹbí ti gbọ́ pé ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló máa gbé e. Ṣé ọkọ̀ tí a háyà lẹ fẹ́ kí ọmọ ilé wa wọ̀ délé? Ojú á tì wá.”

“Ọkọ mi,” ni Màmá Abẹ́rẹ́ wí, ohùn rẹ̀ kò sì gbéra rárá, “ẹ kó oúnjẹ adìẹ sórí ìjókòó tí ẹ̀gbọ́n yín fi gbé ọmọ ẹ̀ wálé, ojú ò tì yín. Ẹ fi májèlé sábẹ́ ẹ̀, ẹ tìlẹ̀kùn, ojú ò tì yín. Mo kó irun yẹn dànù fúnra mi, mi ò gbọ́ kí ẹ sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́. Àárọ̀ ọ̀la ni ìtìjú wá fẹ́ bẹ̀rẹ̀?”

 Ọkùnrin náà wo bàtà rẹ̀. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

“Ẹ pẹ̀lẹ́,” ó wí.

“Ẹ lọ wẹ̀. Eruku wà nínú irun yín.”

Oníwáyà dé, ó wọ ìbòmú, ó tú àpótí fáànù jáde, ilé eku tí ó tó orí ọmọ ọwọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ti fọ́nká ti fọ́nká. Wọ́n ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: wíwọ́n, rírin, kíkó, nínù, sísá, gbogbo rẹ̀. Kò lè parí kí ilẹ̀ tó mọ́.

Mo bá a lọ sí ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀, nítorí pé ẹrù wà láti gbé. Ọkọ̀ tí a háyà dúró sí ẹnu géètì; mo ti bá awakọ̀ náà sọ̀rọ̀ ṣáájú pé kí ó fi aṣọ tútù nu inú rẹ̀, kí ó sì yọ ohun tí ń ta òórùn tí ó so mọ́ dígí. Ọmọbìnrin náà ti wọṣọ, ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú aṣọ funfun, imú rẹ̀ nìkan ni ó hàn. Ó wo ìyá rẹ̀ lójú.

“Màmá, ṣé ó ti mọ́?”

Mo ronú pé yóò wí àwáwí. Irọ́ kékeré wà níbẹ̀ tí ó lè pa, kò sì sí ẹni tí yóò dá a lẹ́bi.

“Rárá,” ó wí. “Ó mọ́ lánàá. Wọ́n tan fáànù. Kò mọ́ mọ́.”

“Ẹ sọ pé...”

“Mo sọ ọ́. Mo mọ̀ pé mo sọ ọ́.”

Omijé bọ́ lójú ọmọbìnrin náà. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń dùbúlẹ̀ ní ọjọ́ dé ọjọ́, tí òun ń wo àjà, ìjókòó yẹn ni òun fi ń tu ara òun nínú. Ó ní ọkọ òun wà lórí omi, bàbá òun kò sí, bí kì í bá tún ṣe ọkọ̀ náà, ta ni yóò wá mú òun lọ sílé? Ó ní ṣé kò ṣeé ṣe kí a ṣí gbogbo fèrèsé rẹ̀, kí òun fi aṣọ bo ọmọ náà dáadáa.

Màmá Abẹ́rẹ́ jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì.

“Ṣé o rántí bàbá rẹ nídìí ọ̀dà? Oníbàárà á ní kó kun ọ̀dà sórí ìpẹtà, pé òun ń lọ síbi kan lọ́la, pé ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Kí ni bàbá rẹ máa ń sọ?”

“Á ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ wọn lọ.”

“Ṣé o rí i. Èmi ni mo wá mú ọ. Dìde.”

Ọmọbìnrin náà nu ojú, ó dìde. A wọ ọkọ̀ tí a háyà.

Nígbà tí a yà wọ àdúgbò, ọkọ̀ àtijọ́ náà wà láàárín àgbàlá, gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ẹsẹ̀ méjì sì yọ síta láti inú rẹ̀. Ó-ti-parí ni. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà obìnrin ni ó wọ̀, ó fún un lọ́wọ́ pinpin. Ìbòmú wà ní imú rẹ̀. Ó ń fi bébà tútù nu abẹ́ ìjókòó, ó ń kùn. Kò sí ẹni tí ó rán an, àbí bóyá ẹni tí ó rán an kò sọ fún mi. Bí ó ti gbọ́ ìró ọkọ̀, ó jáde, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ sọnù, ó fa ìbòmú sí ọrùn, ó sì ń bọ̀ wá bá wa pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì nínà.

“Ẹ gbé e wá kí n rí i. Ẹ gbé ọmọ wa wá.”

Màmá Abẹ́rẹ́ bọ́ sí àárín. Ó ti gba ọmọ náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó yí ẹ̀yìn díẹ̀ kí ojú ọmọ lè kọ sí ilé.

“Ẹ dúró níbẹ̀.”

“Ìyàwó wa, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló bí i.”

“Mo mọ̀. Ẹ lọ wẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ ẹ̀wù àti ṣòkòtò. Tí ẹ bá wẹ̀ tán, ẹ tún ọwọ́ fọ̀. Ẹ wá jókòó ní pálọ̀, a máa gbé e wá bá yín.”

Ó wo aṣọ ara rẹ̀. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín, yóò gbé ọwọ́ lé ẹnìkan léjìká bí ìṣe rẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yí padà, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí balùwẹ̀.

Màmá Abẹ́rẹ́ gbé ọmọ náà wọ yàrá, ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀, ó tẹ etí sí àyà rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó dìde, ó lọ dúró sí ojú fèrèsé ẹ̀yìn, níbi tí ènìyàn ti ń gbọ́ ìró omi. Omi ṣàn fún ìgbà díẹ̀, ó sì dá.

“Ọkọ mi,” ó ké sí i láti ojú fèrèsé, “irun yẹn náà. Ẹ fi ọṣẹ sí i.”

Omi tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn.